Akọni Nínú Ogun Ẹlòmíràn

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òwe yìí wà lẹ́nu gbogbo wa, a sì máa ń pa á bí ẹni pé kò sí ibi tí kì í ti í rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1876, lórí òkè kan ní Montana, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, omi lọ́tàá. Odò Little Bighorn ń ṣàn lọ nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí òǹgbẹ fẹ́ pa wà lókè. Ojú wọn tó omi, ọwọ́ wọn kò tó o, nítorí pé ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi, ọta ìbọn ni yóò pàdé lọ́nà. Ọkùnrin mẹ́rin wá jáde síta gbangba, wọ́n dìde dúró ṣánṣán ní etí òkè náà, wọ́n sì ń yìnbọn fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 20. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí àwọn ọ̀tá dojú ìbọn kọ àwọn, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò lè ráyè pọnmi bọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Charles Windolph ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni lọ́jọ́ náà. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí ọmọ ogun wọn lè gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Àjèjì ni.

Ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó lọ sí Amẹ́ríkà, tó sì wọ iṣẹ́ ológun níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó dé àkẹtẹ̀ dúdú kan tí etí rẹ̀ fẹ̀, àmì idà méjì tó dábùú ara wọn sì wà níwájú àkẹtẹ̀ náà. Mo bi í léèrè ohun tí àmì náà jẹ́. Ó ní àmì àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Bùọ̀dá mi, ṣé ẹṣin ni ẹ ṣì fi ń jagun lọ́hùn-ún ni?” Ó ní rárá, ọkọ̀ ogun ni àwọn ń gùn báyìí, orúkọ àti àkẹtẹ̀ ló ṣẹ́ kù láti ayé ẹṣin.

Ìyá mi tẹ àwòrán náà jáde, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Kò sí àlejò tó wọlé tí kì í yìn ín. Màmá àgbà nìkan ni kò yìn ín. Ó wò ó títí, ó wá béèrè pé, “Ogun ta ni wọ́n ní kó lọ jà?”

Ìyá mi ní, “Màámi, kò sógun níbẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe.”

Màmá àgbà kò tún sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ìbéèrè rẹ̀ ti wá. Bàbá tó bí i wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí àwọn òyìnbó kó lọ sí Bọ́má nígbà ogun Hitila. Ó lọ, ó sì bọ̀. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú, kò rí i sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ohun tí àwọn ará Japan fi ṣẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Amẹ́ríkà kí n lè mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi dé sórí. Ibẹ̀ ni mo ti bá Windolph pàdé.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1851, ní ìlú Bergen, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Jámánì lónìí. Ní ọdún 1870, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 18, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Prussia àti Faransé. Òfin Prussia ni pé kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n fẹ́ wọn kọ̀. Windolph kò fẹ́ lọ. Ó sá kúrò nílé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gba Amẹ́ríkà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibí yìí sọ́kàn: ogun ni ọkùnrin yìí ń sá fún.

Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, kò gbọ́ èdè wọn, iṣẹ́ kò sì rọrùn láti rí. Ibi kan wà tí wọn kì í wo bí Gẹ̀ẹ́sì èèyàn ṣe já geere tó kí wọ́n tó gbà á, ibẹ̀ sì ni bárékè àwọn ọmọ ogun. Wọ́n ń fún ọmọ ogun ní aṣọ, oúnjẹ, ibi tí yóò sùn àti dọ́là 13 lóṣù. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1862 sì mú kí ó yá fún àjèjì tó bá ṣe iṣẹ́ ológun dáadáa láti di ọmọ ìlú. Windolph forúkọ sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi sá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ wà. Ní ọdún 1872, ó tún wọlé lábẹ́ orúkọ mìíràn, lọ́tẹ̀ yìí sínú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ẹlẹ́ṣin Keje. Ẹ̀yìn náà ló padà sí orúkọ tí wọ́n bí mọ́ ọn. N kò fi èyí pamọ́, nítorí mo fẹ́ kí ẹ rí i bó ṣe rí gan-an kí ẹ tó rí i pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ láyà. Ọ̀dọ́ tí kò ní ìbátan nítòsí ni, ó ń wá ibi tí yóò forí lé.

Àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1876, bí a bá ka ọmọ ogun mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ yẹn, ó kéré tán, àwọn mẹ́rin ló jẹ́ pé ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n bí wọn sí: Ireland, Jámánì, England, Italy àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Otto Voit, tóun náà wà lára àwọn mẹ́rin tó dúró lórí òkè lọ́jọ́ náà, ọmọ Baden ní Jámánì ni. Ẹni tó ń fun fèrè fún ẹ̀ka tí Windolph wà, ọmọ Italy ni. Giovanni Martini ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n John Martin ni wọ́n ń pè é nínú ìwé àwọn ológun. Òun ni ọ̀gá wọn fi iṣẹ́ ìkẹyìn rán kó tó kú, wọ́n sì kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé fún un nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ kò tíì múná.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, ó dà bíi pé mo mọ àwọn èèyàn yìí. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹni tó gé orúkọ rẹ̀ kúrú kí òyìnbó lè rí i pè? Ta ni kò mọ ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì nílé, tó wá ń ṣọ́ ilé ìtajà lóru ní London? Ní kíláàsì wa, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ jápa kì í jẹ yọ. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti sọ fún ìyá mi pé bí mo bá parí ilé ìwé, òun yóò ṣe ọ̀nà tí èmi náà yóò fi máa bọ̀, àti pé iṣẹ́ ológun ni ọ̀nà tó yá jù láti dúró lórí ẹsẹ̀ ẹni. Ìdí nìyí tí ìtàn ẹni tó ti kú tipẹ́tipẹ́ fi kàn mí. Ó lè di ọ̀nà tí èmi náà máa tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sójú ogun. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1876. George Armstrong Custer ló ń darí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ẹlẹ́ṣin Keje. Wọ́n tó nǹkan bíi 600, wọ́n sì ń wá àgọ́ ńlá kan tí àwọn Lakota, Cheyenne àti Arapaho jọ pa sí etí odò Little Bighorn. Nígbà tí Custer sún mọ́ àgọ́ náà, ó pín àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ó rán Marcus Reno kọjá odò kó lọ kọ lu àgọ́ láti ìsàlẹ̀. Ó rán Frederick Benteen, ọ̀gá ẹ̀ka tí Windolph wà, lọ sí apá òsì. Òun fúnra rẹ̀ kó àwọn tó lé díẹ̀ ní 200, ó gba orí òkè lọ sí apá àríwá.

Àgọ́ náà tóbi ju bí wọ́n ti rò lọ. Àwọn jagunjagun Lakota àti Cheyenne tú jáde bí oyin, wọ́n lé Reno padà kọjá odò, ó sá gun òkè pẹ̀lú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni Benteen ti bá a. Ní ti Custer àti àwọn tó tẹ̀ lé e, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó bọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti kú. Àwọn tó wà lórí òkè kò mọ̀. Wọ́n rò pé Custer ti fi àwọn sílẹ̀ lọ ni.

Wọ́n sun orí òkè náà mọ́jú. Ṣọ́bìrì tí wọ́n ní kò ju mélòó kan lọ, nítorí náà ọ̀bẹ àti àwo oúnjẹ ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ha ilẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi fara pamọ́ sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìbọn tún bẹ̀rẹ̀. Ọta kan pa ọmọ ogun tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windolph. Ọta mìíràn ṣe òun náà léṣe. Oòrùn yọ, omi tán. Ẹnu àwọn tó fara gbọgbẹ́ gbẹ, wọ́n ń kígbe omi, kò sì sí ohun tí dókítà lè fún wọn.

Ìgbà yẹn ni àwọn kan ní àwọn yóò lọ. Wọ́n kó ìgò omi àti ìkòkò dání, wọ́n gba àfonífojì tóóró kan sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n láti ẹnu àfonífojì náà dé etí odò, gbangba ni. Wọ́n ní láti sáré, kí wọ́n bù ú, kí wọ́n sì sáré padà lábẹ́ ìbọn. Windolph, Voit, George Geiger àti Henry Mechlin ló dúró lókè láti bò wọ́n. Ẹ ro ó wò. Gbogbo èèyàn tó wà lórí òkè náà ló ń dọ̀bálẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìbọn má bàa bà wọ́n. Àwọn mẹ́rin yìí dìde dúró. Àwọn tó lọ sódò pọnmi bọ̀, àwọn tó gbọgbẹ́ sì mu. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó kú. Benteen sọ Windolph di sájẹ́ǹtì níbẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1878, wọ́n fún un ní Medal of Honor. Àwọn 24 ló gba àmì ẹ̀yẹ yìí nítorí ogun Little Bighorn.

Bí mo bá dá ìtàn náà dúró síbí, gbogbo wa la máa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ti gbọ́ tẹnu ẹni tó wà lórí òkè. Ó kù kí n gbọ́ tẹnu ẹni tó wà létí odò.

Ní ọdún 1868, ìjọba Amẹ́ríkà bá àwọn Lakota tọwọ́ bọ̀wé ní Fort Laramie pé àwọn òkè tí òyìnbó ń pè ní Black Hills, tí àwọn Lakota ń pè ní Paha Sapa, jẹ́ tiwọn. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ní 1874, Custer yìí kan náà kó ọmọ ogun wọ àwọn òkè náà, ìròyìn sì tàn káàkiri pé wúrà wà níbẹ̀. Àwọn awakùsà ya bò ó bí eéṣú. Dípò kí ìjọba lé wọn, àwọn Lakota ni ìjọba ní kí wọ́n ta ilẹ̀ wọn. Wọ́n kọ̀. Ìjọba wá pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn tó ń ṣọdẹ kiri padà sínú àgọ́ tí òun yà sọ́tọ̀ fún wọn kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1876, láàárín òtútù yìnyín. Ẹni tí kò bá padà, ogun ni. Ìdí tí Custer fi wà létí odò náà nìyẹn.

Bí a bá gbọ́ ọmọ onílẹ̀ níbí, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni àwọn tó ń yọ ẹni tó ń kọ́lé lẹ́nu fún owó ìpìlẹ̀ àti owó dẹ́kìn. Àwọn tí mò ń sọ yìí kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ní ni pé ilẹ̀ àwọn kì í ṣe títà.

Àgọ́ tí wọ́n kọ lù yẹn, kì í ṣe ológun nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyàwó, ìyá àgbà àti ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀. Gall, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun Lakota, sọ pé ìyàwó òun méjì àti ọmọ òun mẹ́ta ni wọ́n pa lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Black Elk wà nínú àgọ́ yẹn pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 12 ni. Àbúrò mi tó wà ní JSS 2 jẹ́ ẹni ọdún 12. Bí ẹnikẹ́ni bá kó ìbọn wá sí àdúgbò wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí bàbá mi àti àwọn aládùúgbò wa jáde lé e sá gun òkè, ta ni a máa pè ní akọni?

Windolph kúrò nínú iṣẹ́ ológun ní ọdún 1883. Ibi tó lọ fi ìdí kalẹ̀ sí gan-an ló mú mi kọ́kọ́ dá ìwé kà dúró. Ìlú Lead ló lọ, ní South Dakota, lórí àwọn òkè Black Hills. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún 49 ní Homestake, ilé iṣẹ́ tó ń wa wúrà. Ọdún 1876 ni àwọn awakùsà ti kọ́kọ́ fi ààlà sí ibi tí wúrà Homestake wà, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti Lakota nínú ìwé àdéhùn. Ọdún 1877 ni ìjọba ṣòfin, tó gba ilẹ̀ náà. Wọ́n wa wúrà níbẹ̀ títí di ọdún 2002, ohun tí wọ́n rí wà jáde sì lé ní áńsì mílíọ̀nù 40. Ẹni tó sá fún ogun ọba tirẹ̀ ja ogun ìjọba mìíràn, ó wá jẹun títí dọjọ́ ogbó lórí ilẹ̀ tí ogun náà gbà lọ́wọ́ onílẹ̀.

Àwọn Lakota kò gbàgbé. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1980, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé ìjọba gba ilẹ̀ náà láìsan owó tó tọ́, àti pé kí wọ́n san án pẹ̀lú èlé. Gbogbo rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Àwọn Lakota ní àwọn kò gba owó. Ilẹ̀ àwọn ni àwọn fẹ́. Títí di òní olónìí, owó náà wà nípamọ́, ó ń bímọ lórí ara rẹ̀, wọn kò sì fọwọ́ kàn án.

Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọmọ ogun kì í béèrè ìbéèrè. Àṣẹ ló ń tẹ̀lé. Kí ni o fẹ́ kí Windolph ṣe?” Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì rò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè gbójú fò. Windolph mọ bí a ṣe ń béèrè. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 18, ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ogun Prussia àti Faransé kàn án, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé kò kàn án. Kí ló dé tí kò fi lè béèrè lẹ́ẹ̀kejì? Mo rò pé mo mọ ìdáhùn náà. Nílé, ó ní bàtà lẹ́sẹ̀, ó mọ èdè, ó mọ ọ̀nà tí yóò gbà sá. Lájò, ọwọ́ tó ń bọ́ ọ náà ló gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ń wá ibi tí wọn yóò ti pè é ní ọmọ ìlú kì í fẹ́ ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ tó lè mú kí wọ́n pè é ní àjèjì.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè fi í ṣe ẹlẹ́yà, tí n kò sì lè kan sáárá sí i kí n sì lọ sùn. Mo ti wá rí i pé ìbéèrè méjì ni à ń dà pọ̀ mọ́ra nígbà tí a bá pe ọmọ ogun ní akọni. Èkíní ni: ṣé ó láyà? Èkejì ni: ṣé ogun náà tọ́? Ìdáhùn sí èkíní wà lọ́wọ́ Windolph, ó sì dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ní etí òkè. Ẹni tí òǹgbẹ fẹ́ pa kò ní ìlú, omi tí wọ́n pọn fún un kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìdáhùn sí èkejì wà lọ́wọ́ àwọn tó rán an níṣẹ́, wọn kò sì dáhùn rẹ̀ dáadáa rí. Àmì ẹ̀yẹ lè jẹ́rìí sí èkíní. Kò lè jẹ́rìí sí èkejì, bó ti wù kó máa dán tó. Àwọn tó gba Medal of Honor nínú àwọn ogun tí Amẹ́ríkà bá àwọn onílẹ̀ jà lé ní 400. Ní tàwọn Lakota tó dúró níwájú àwọn ọmọ wọn létí odò, ìyẹ́ idì lórí ni ẹ̀yẹ tiwọn, àwọn èèyàn wọn nìkan ló sì mọ̀ ọ́n kà.

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu. Windolph pẹ́ láyé. Ó kú ní Lead ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1950, ní ẹni ọdún 98. Òun ló kẹ́yìn láyé nínú àwọn ọmọ ogun òyìnbó tó ja ogun Little Bighorn. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Black Elk, ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 yẹn, kú ní Pine Ridge, ní South Dakota kan náà. Àwọn méjèèjì ti sọ ìtàn ayé wọn fún àwọn tó kọ ọ́ sínú ìwé, ti Black Elk jáde ní ọdún 1932, ti Windolph ní ọdún 1947. Wọ́n jọ gbé abẹ́ òfuurufú kan náà fún nǹkan bí ọdún 70 lẹ́yìn tí wọ́n ti wà ní ìhà méjì odò kan náà. Ní ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà yí orúkọ òkè tó ga jù lọ ní Black Hills padà. Orúkọ ọ̀gágun òyìnbó kan tó ti bá àwọn Lakota jà ni wọ́n ń fi pè é tẹ́lẹ̀. Black Elk Peak ni wọ́n ń pè é báyìí. Orúkọ nìkan ni wọ́n dá padà, wọn kò dá ilẹ̀ padà. Síbẹ̀ mo rò pé ó dára kí ẹni tó bá gun òkè náà mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ kí wúrà tó wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo parí kíka ìtàn yìí, ẹ̀gbọ́n mi pè wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ti Windolph, àti ti Lakota. Mo rò pé inú yóò bí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Àbúrò mi, wọn ò kọ́ wa ní gbogbo ìyẹn nígbà tí wọ́n fún wa ní àkẹtẹ̀.” Ó ní òun ti búra, òun kò sì ní dalẹ̀, ṣùgbọ́n òun yóò wá ìwé náà kà. Ó wá béèrè bóyá mo ṣì fẹ́ máa bọ̀.

Mo ní mo ṣì fẹ́ lọ. N kò ní purọ́. Bí ìlú ṣe rí lónìí, kò sí ẹni tó lè fi àjò ṣépè fún ọ̀dọ́. N kò sì mọ̀ bóyá n óò lè sọ pé rárá bí ebi bá ń pa mí nílẹ̀ àjèjì, tí ẹnì kan sì na aṣọ tó mọ́ tónítóní sí mi pẹ̀lú ìlérí pé n óò di ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kí n tó wọ aṣọ ẹnikẹ́ni, mo ní láti mọ ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ní kí n lọ dúró lé lórí, kí sì ni àwọn tó wà létí odò ṣe. Bí n kò bá béèrè kí n tó wọ̀ ọ́, mo lè dàgbà di ẹni ọdún 98 kí n má tíì rí ìdáhùn. Ìbéèrè tí màmá àgbà bi wá ní pálọ̀ kì í ṣe ìbéèrè ẹni tí kò mọ̀wé. Ó wà lára ohun tí mo máa gbé dání bí mo bá ń lọ, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà mi.